ÈÉFÍN FUNFUN LẸ́YÌN ỌKỌ̀ EPO DÍSÙ: BÍ A TI LÈ MỌ OHUN TÍ Ó FA Á

Agbára káká ni a fi lè rí abúlé kan ní Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ Nàìjíríà tí ọkọ̀ epo dísù tí ó ti gbó kì í dé. Òun ni ó ń kó kòkó, iṣu, gàrí àti pákó jáde láti oko, òun náà ni a sì ń sáré wá bí aboyún bá ń rọbí ní òru. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, bí i Land Rover, Toyota Hilux, Prado àti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá bí i Mack, ni ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń pè ní tọ́bò lára ẹ́ńjìnnì wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ ní ilẹ̀ òkèèrè kí ó tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa. Nítorí náà kì í ṣe ohun ìyanu bí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín funfun láti ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí èéfín náà sì bo gbogbo ìta bí ìkùukùu.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó pagbo yí ọkọ̀ náà ká. Àwọn kan yóò ní ọyẹ́ ni ó fà á, kí awakọ̀ má dá a lóhùn. Àwọn mìíràn yóò ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí olówó rẹ̀ tètè wá òmíràn rà. Èyíkéyìí nínú méjèèjì lè jẹ́ òtítọ́, ó sì lè jẹ́ àṣìṣe. Ẹni tí ó bá ń fi ọyẹ́ tu ara rẹ̀ nínú nígbà tí omi ń wọ inú ẹ́ńjìnnì yóò pa ohun tí ìbá fi owó díẹ̀ tún ṣe. Ẹni tí ó bá sì tètè gbà pé ẹ́ńjìnnì ti kú lè ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láti ra òmíràn, nígbà tí ohun tí ó bàjẹ́ kò ju plọ́ọ̀gì méjì lọ. Ó yẹ nígbà náà kí awakọ̀ àti olówó ọkọ̀ mọ ohun tí èéfín ń sọ, kí wọ́n má ba à máa fi owó wọn ra ìméfò.

Ẹni tí ó hùmọ̀ ẹ́ńjìnnì epo dísù ni Rudolf Diesel, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1893, ẹ̀rọ náà sì ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti fẹ́ ní ìlú Augsburg ní ọdún 1897. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe epo náà títí di òní. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ní plọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo. Ti dísù kò ní irú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ni písítìnnì rẹ̀ ń fún pọ̀, títí àyè tí afẹ́fẹ́ náà wà yóò fi kéré sí nǹkan bí ìdá kan nínú 16 sí ìdá kan nínú 22 ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ńpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí yóò ti ṣàkíyèsí pé ìdí pọ́ńpù náà a máa gbóná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ooru tibẹ̀ a máa ju dígírì 500 lọ ní òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Inú afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí ni nọ́súlù ń fọ́n epo sí, ní ẹ̀kúnná bí ìrì, epo náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀ láìsí pé ohunkóhun ṣáná sí i.

Gbogbo ọ̀rọ̀ èéfín funfun dá lé orí ooru yìí. Bí ooru náà kò bá tó, tàbí bí epo bá dé lẹ́yìn tí àkókò rẹ̀ ti kọjá, tàbí bí ohun mìíràn tí kì í jó bá wọlé bá a, àbùjẹ́kù yóò wà, yóò sì gba ẹ̀yìn jáde.

Ní ti tọ́bò, ará Switzerland kan tí a ń pè ní Alfred Büchi ni ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí èrò rẹ̀ ní ọdún 1905. Èéfín gbígbóná tí ń jáde lọ kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí i, òun náà yóò sì máa fi agbára ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì láti ìhà kejì. Ilé iṣẹ́ Volvo fi í sí ọkọ̀ akẹ́rù Titan ní ọdún 1954. Ní ọdún 1978 ni Mercedes-Benz gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 300 SD jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pá inú tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan péré, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó sì ń gbà á lọ́wọ́ ìfọ́. A ó padà sí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí.

Èéfín dúdú kò ṣòro láti mọ̀: epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ ni, ó jó, ṣùgbọ́n kò jó tán, ó sì di èédú. Èéfín funfun yàtọ̀. Ní òtítọ́, kì í ṣe èéfín iná rárá. Ohun olómi kan ni ó gbóná nínú ẹ́ńjìnnì tí kò sì jó, tí ó wá di ìkùukùu nígbà tí ó pàdé afẹ́fẹ́ tútù ní ìta. Ohun olómi mẹ́ta péré ni ó sì wà lára ẹ́ńjìnnì: omi, epo dísù àti ọ́ìlì. Iṣẹ́ awakọ̀ ni láti mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń jáde.

Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ dá ọyẹ́ láre níbi tí ó bá ti jàre. Nígbà tí epo bá jó, omi wà lára ohun tí jíjó náà ń bí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í rí i. Ní òwúrọ̀ tí ilẹ̀ bá tutù, omi yìí a máa hàn bí ooru ẹnu ènìyàn ti í hàn ní àárọ̀ ọyẹ́. Kì í ní òórùn kan pàtó, kì í ta ojú, ó sì ń pòórá ní kété tí ó bá kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, yóò dáwọ́ dúró. Irú èyí kò nílò mẹkáníìkì. Èyí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni èéfín tí ó nípọn, tí ó dúró lójú afẹ́fẹ́ tí kò fẹ́ lọ, tàbí èyí tí ó ń bá ọkọ̀ rìn lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa.

Imú ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́, kò sì ní owó lórí. Kí awakọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà, kì í ṣe ní iwájú rẹ̀ gan-an, ní ìta gbangba tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Bí èéfín náà bá ń ta ojú títí omi fi ń jáde, tí ó sì ń rùn bí epo dísù tútù, epo tí kò jó ni. Bí ó bá ń rùn bí ọ́ìlì tí ó dà sórí irin gbígbóná, tí ó sì ní àwọ̀ aró díẹ̀ nínú, ọ́ìlì ni. Bí kò bá rùn bí ọ̀kankan nínú méjèèjì, tí ó sì tutù sí ara bí ooru ìkòkò tí ó rọlẹ̀, omi ni. Bí ojú kò bá dá imú lójú, kí a mú abala irin tàbí dígí tútù kan, kí a gbé e sí ọ̀kánkán èéfín náà fún ìgbà díẹ̀. Omi yóò gbẹ kúrò lórí rẹ̀ láìku nǹkan kan. Epo àti ọ́ìlì yóò fi ọ̀rá sílẹ̀ lára rẹ̀.

Ìwé àwọn òyìnbó a máa sọ pé èéfín omi rẹ́díétọ̀ ń rùn dídùn. Òtítọ́ ni ní ọ̀dọ̀ wọn, nítorí pé kúláńtì ni wọ́n ń dà sínú rẹ́díétọ̀, kúláńtì náà ni ó sì ní òórùn dídùn yẹn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ wa ń da omi kànga tàbí omi odò lásán sínú tiwọn. Ẹni tí ó bá ń dúró de òórùn dídùn lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò dúró pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí epo tí kò jó, nítorí pé òun ni ó wọ́pọ̀ jù, òun náà ni àtúnṣe rẹ̀ sì máa ń rọrùn jù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì epo dísù àtijọ́, ó ní híítà plọ́ọ̀gì kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe láti ṣáná ni a ṣe fi í síbẹ̀; ó ń pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ láti mú inú sílíńdà gbóná kí ẹ́ńjìnnì tó dìde. Bí méjì bá kú nínú mẹ́rin, sílíńdà méjì yóò jó epo tiwọn, méjì yòókù yóò sì máa tú u dànù ní tútù. Ohun tí a ó rí ni ẹ́ńjìnnì tí ó pẹ́ kí ó tó dìde, tí ó ń mì tìtì bí ẹni tí ibà ń ṣe, tí ó ń tú èéfín funfun tí ń ta ojú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú bí i mélòó kan tí gbogbo rẹ̀ bá gbóná, ohun gbogbo yóò sì dákẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìwà yìí, pé ó ń ṣe é ní òwúrọ̀ nìkan, tí kì í sì í ṣe é mọ́ ní ọjọ́ náà, ni àmì tí ó dájú jù lọ fún híítà plọ́ọ̀gì.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a tú irin tí ó so orí àwọn plọ́ọ̀gì náà pọ̀, kí a sì mú gílóòbù kékeré oní-12 fóòtì tí ó ní wáyà méjì. Wáyà kan yóò wà lórí ẹnu bátìrì tí ó ní àmì àròpọ̀, èkejì ni a ó fi kan orí plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Plọ́ọ̀gì tí ó bá yè yóò mú kí gílóòbù náà tàn. Èyí tí ó bá kú kò ní tan iná kankan. Bí gbogbo wọn bá yè, kí rẹ̀wáyà wò ó bóyá iná tilẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ nígbà púpọ̀ pé a tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lórí èéfín funfun, tí a ra tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, tí a sì tò ó padà, tí èéfín náà tún wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí pé wáyà tí ń gbé iná lọ bá híítà plọ́ọ̀gì ni ó jẹrà.

Epo fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ẹlẹ́bi. Bí èéfín bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí a ra epo níbi tí a kì í ti í rà á, kí a kọ́kọ́ fura sí epo náà. Omi inú epo, tàbí bẹntiróòlù tí a ṣèèṣì dà mọ́ ọn, a máa dènà gbígbiná rẹ̀. Kí a bu díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ fíltà sínú ìgò funfun, kí a gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Dísù fúyẹ́ ju omi lọ. Bí omi bá wà níbẹ̀, yóò sọ̀kalẹ̀ sí ìdí ìgò, ojú yóò sì rí ìlà tí ó pín wọn níyà. Ọ̀pọ̀ fíltà epo dísù ni ó ní ìdérí kékeré ní ìdí fún títú irú omi yìí dànù, ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó ń rántí ṣí i kò wọ́pọ̀.

Bí epo bá mọ́, tí híítà plọ́ọ̀gì sì yè, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn oníṣẹ́ pọ́ńpù àti nọ́súlù. Nọ́súlù tí ó ti jẹ kì í fọ́n epo bí ìrì mọ́. Ńṣe ni ó ń kán an tó, tó, tó, bí omi orí òrùlé. Epo tí ó kán bẹ́ẹ̀ kò lè jó tán. Bákan náà ni bí táímíńgì pọ́ńpù bá ti yẹ̀, bóyá nítorí pé wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ tí wọn kò sì tò ó sí ojú àmì: epo yóò dé nígbà tí písítìnnì ti ń sọ̀kalẹ̀ tí afẹ́fẹ́ sì ti ń tutù. Irú èéfín báyìí kì í dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ọkọ̀ náà kì í sì í lè gun òkè. Bí èéfín bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ọkọ̀ dé láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí ó pààrọ̀ bẹ́líìtì, kí a dá a padà síbẹ̀ kí a tó ra ohunkóhun.

Láti mọ sílíńdà tí kò ṣiṣẹ́, mẹkáníìkì a máa tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́súlù díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Bí ó bá tú ti sílíńdà tí ó dára, ẹ́ńjìnnì yóò kọsẹ̀. Bí ó bá tú ti èyí tí ó ń ṣàìsàn, ẹ́ńjìnnì kò ní mọ̀ ọ́n lára, èéfín yóò sì dínkù. Iṣẹ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni èyí. Agbára tí epo fi ń jáde nínú páìpù yẹn lè lu awọ ara já bí abẹ́rẹ́. Ojú ọgbẹ́ náà kì í ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n epo tí ó wọ inú ẹran ara lè mú kí a gé ọwọ́. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kí a fi òróró pa á. Kí ẹnikẹ́ni má sì dán an wò rárá lára ọkọ̀ ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí nọ́súlù rẹ̀, nítorí pé agbára epo tirẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Nígbà tí a bá ti wo gbogbo ìwọ̀nyí tí èéfín kò lọ, a ó wọn agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà. Ríìngì àti fáàfù tí ó ti jẹ kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbóná tó, nítorí pé ó ń jò lọ. Àtúnṣe èyí wọ́n, ó sì yẹ kí ó jẹ́ ohun tí a ó fura sí kẹ́yìn, kì í ṣe lákọ̀ọ́kọ́.

Àṣà kan tún wà ní àárín àwọn mẹkáníìkì wa tí kò dára. Bí ọkọ̀ bá gbóná jù lẹ́ẹ̀kan, wọn a yọ tẹmosítáàtì rẹ̀ jù nù, wọn a ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Tẹmosítáàtì ni ẹnu ọ̀nà tí ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ibi tí ó yẹ. Ẹ́ńjìnnì epo dísù tí kò ní in yóò máa ṣiṣẹ́ ní tútù fún ìgbà pípẹ́, epo kò ní máa jó tán, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò sì ṣàn kọjá ríìngì lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀. Bí a bá fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ tí a rí i pé ọ́ìlì ń pọ̀ sí i dípò kí ó dínkù, tí ó sì ń rùn bí dísù, kí a má dúpẹ́ pé ọkọ̀ kò jẹ ọ́ìlì. Epo ti là á, irin sì ti ń jẹ irin.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó burú jù. Láàárín tọ́ọ̀pù sílíńdà àti ara ẹ́ńjìnnì ni gásíkẹ́ẹ̀tì kan wà tí ó pààlà sí àárín iná, omi àti ọ́ìlì. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù, irin tọ́ọ̀pù sílíńdà a máa tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì a sì fọ́. Tàbí kí tọ́ọ̀pù sílíńdà fúnra rẹ̀ sán. Ẹ́ńjìnnì 1KZ-TE tí Toyota fi sí àwọn Prado àti Hilux láti ọdún 1993, tí ó tóbi ní lítà mẹ́ta, jẹ́ èyí tí a mọ̀ dáadáa fún sísán báyìí, nítorí pé irin fífúyẹ́ ni wọ́n fi ṣe tọ́ọ̀pù rẹ̀, kò sì lè fara da ooru àpọ̀jù. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ní alẹ́, agbára tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ́díétọ̀ yóò máa ti omi díẹ̀díẹ̀ gba ojú sísán náà wọ inú sílíńdà. Ní òwúrọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò kọsẹ̀, yóò sì tu omi náà jáde ní èéfín funfun. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi máa ń ṣì í mú fún híítà plọ́ọ̀gì. Ohun tí ó pín wọn níyà ni rẹ́díétọ̀. Kí awakọ̀ bu omi kún un ní alẹ́ nígbà tí ó bá ti tutù pátápátá, kí ó sì wò ó ní òwúrọ̀ kí ó tó fi kọ́kọ́rọ́ kan án. Bí omi bá ń dínkù lójoojúmọ́ tí ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ sì gbẹ, ibi tí omi ń gbà kò pamọ́ mọ́.

Àmì mìíràn wà. Kí a dá ẹ́ńjìnnì tí ó tutù sílẹ̀, kí a sì di họ́ọ̀sì òkè rẹ́díétọ̀ mú: bí ó bá le gbandi láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, nígbà tí omi kò tíì gbóná, afẹ́fẹ́ sílíńdà ni ó wọ inú rẹ̀. Bí a bá ṣí ìdérí rẹ́díétọ̀ kí a tó dá ẹ́ńjìnnì tútù náà sílẹ̀, a ó rí i tí omi ń hó kùṣọ̀kùṣọ̀ láìsí pé ó gbóná. Híhó díẹ̀ lẹ́yìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó há ni ó ń jáde. Èyí tí kò dáwọ́ dúró ni ẹ̀rí. Ọ́ìlì tí ó dàbí ògì lára ọ̀pá ìwọn rẹ̀ náà ń jẹ́rìí, ṣùgbọ́n kí a má rí i kò túmọ̀ sí pé omi kò jò, torí pé omi lè wọ sílíńdà láìkan ọ́ìlì. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí ìdérí rẹ́díétọ̀ tí ó gbóná. Ojú àwọn awakọ̀ tí ó ti jóná lọ́nà yìí kò ṣeé kà.

Bí a bá ti mọ̀ pé omi ni, kí a má gbà kí wọ́n kàn pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n sì dé e padà. Kí wọ́n fi irin gígùn gbọọrọ wo ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà bóyá ó tẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ibi tí a ti ń fi afẹ́fẹ́ àti omi dán an wò bóyá ó sán. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lórí irin tí ó sán, fífi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Kí wọ́n sì wá ohun tí ó mú ọkọ̀ gbóná tẹ́lẹ̀: rẹ́díétọ̀ tí ó dí, fáànù tí kò fẹ́, họ́ọ̀sì tí ó jò. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn yóò tún pàdé ara wọn.

Bí ẹ́ńjìnnì tí ń jẹ omi bá kọ̀ láti yí ní òwúrọ̀, tí kíìkì lù ú lẹ́ẹ̀kan tí ó sì dúró gbọ́n-in bí ẹni gbá ògiri, kí awakọ̀ dáwọ́ dúró. Kí ó má tún un lù, kí ó má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ọkọ̀ tì í. Omi kì í ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́; ohun tí yóò tẹ̀ ni apá písítìnnì. Híítà plọ́ọ̀gì tàbí nọ́súlù ni kí a tú kúrò, kí a sì fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kí omi náà lè jáde. Kí ojú má wà ní ọ̀kánkán ihò rẹ̀.

Ó ku tọ́bò. Bí èéfín bá funfun tí ó sì ní àwọ̀ aró, tí ó pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ti dúró pẹ́ láìpa ẹ́ńjìnnì tí a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ iná mọ́lẹ̀, kí a wo tọ́bò. Ọ́ìlì lè máa gba ara ọ̀pá rẹ̀ jò sí ìhà sàlẹ́ńsà tàbí sí ìhà afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dá a lẹ́bi, kí a wo fíltà afẹ́fẹ́, nítorí pé bí eruku bá ti dí i, tọ́bò yóò máa fa ọ́ìlì dípò afẹ́fẹ́. Kí a sì wo páìpù tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀ bóyá ó dí. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú tí ó sì tutù, kí a tú họ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu tọ́bò kí a fi ìka mi ọ̀pá rẹ̀. Ó yẹ kí ó mì díẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń wọlé tí ó ń jáde, tàbí bí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bá ń ha ara ilé rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Tọ́bò tí ń tú ọ́ìlì púpọ̀ sí ìhà afẹ́fẹ́ ní ewu kan tí ó yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀. Ẹ́ńjìnnì epo dísù lè jó ọ́ìlì náà bí ẹni jó epo. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké kíkan-kíkan fúnra rẹ̀, èéfín yóò bo ojú ọ̀run, bí a bá sì pa kọ́kọ́rọ́ kò ní kú, nítorí pé kì í ṣe epo inú táǹkì ni ó ń jó mọ́. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tí a ń fi ọwọ́ yí jíà, kí awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ó fi sí jíà tí ó ga jù, kí ó sì tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láti fún ẹ́ńjìnnì náà pa. Bí kò bá ṣeé ṣe, pákó pẹlẹbẹ ni a fi ń dí ẹnu afẹ́fẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́, kì í sì í ṣe aṣọ tí ó lè fà mọ́ra. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ké jù, kí gbogbo ènìyàn sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣeé rà.

Kí a má sì ṣe àyẹ̀wò èéfín nínú ṣọ́ọ̀bù tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí a sì lé àwọn ọmọdé tí ó fẹ́ràn láti máa ṣeré nínú rẹ̀ jìnnà. Ní ọdún 2012 ni ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tí ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé èéfín ẹ́ńjìnnì dísù wà lára àwọn ohun tí ó ń fa àrùn náà.

Mẹkáníìkì tí a kàn sọ fún pé ọkọ̀ ń tú èéfín yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìméfò. Ohun tí ó nílò láti gbọ́ ni bóyá òwúrọ̀ nìkan ni ó ń ṣe é tàbí ní gbogbo ọjọ́, bí ó ti ń rùn, bóyá omi rẹ́díétọ̀ ń dínkù, bí ọ́ìlì ti rí, ibi tí a ti ra epo kẹ́yìn, àti iṣẹ́ tí a ṣe lára ọkọ̀ kẹ́yìn. Awakọ̀ tí ó bá kọ ìwọ̀nyí sínú ìwé fún ọjọ́ mẹ́ta yóò ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn àtúnṣe, èéfín funfun lè tún jáde fún ìgbà díẹ̀, pàápàá bí omi bá ti ń wọ inú ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀, nítorí pé èyí tí ó ti kó sínú sàlẹ́ńsà ní láti gbóná kí ó sì gbẹ. Kí a wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà tí ó jìnnà díẹ̀, kí a jẹ́ kí ó tutù mọ́jú, kí a sì tún ṣí rẹ́díétọ̀ wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà ní ibi tí a fi í sí, a lè kó ẹrù.